Ẹni Tí A Gbé Pọ̀n: Ìtàn Bí A Ti Ń Gbé Àlejò Wo Ìlú

Àwọn àgbà wa a máa sọ pé ẹni tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Òwe yìí ni ó wá sí wa lọ́kàn ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní kíláàsì wa ní Ìfọ̀nyìn, nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń ròyìn ohun tí ojú ìyá bàbá rẹ̀ rí ní Mẹ́kà. Ìyá àgbà náà ti darúgbó, orúnkún ń dùn ún, oòrùn ibẹ̀ kò sì ṣeé fẹnu sọ. Wọ́n gbé e jókòó sínú ọkọ̀ kékeré kan tí kò ní ilẹ̀kùn, tí kì í sì í pariwo, wọ́n sì fi gbé e yí Káábà ká lórí òrùlé Mọ́sálásí Ńlá. Ẹnu ya gbogbo kíláàsì. Nígbà náà ni ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ dìde, ó ní kí á jọ̀wọ́ ṣàlàyé fún àwọn: kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó dé ayé, nígbà tí àlejò bá wá wo ilẹ̀ tiwa, kí ni wọ́n fi ń gbé e?

A dá a lóhùn ní ṣókí pé ènìyàn ni. Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n rò pé à ń dá àpárá ni. Àpárá kọ́. Ẹ̀rín náà ni ó mú wa gbé kálámù. Bí ọmọ Ìfọ̀nyìn bá lè rẹ́rìn-ín sí ohun tí èjìká àwọn bàbá ńlá rẹ̀ rù, a jẹ́ pé àwa tí a ń kọ́ wọn ní ìtàn kò tíì sọ tó.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkọ̀ kékeré náà fúnra rẹ̀. Eré gọ́ọ̀fù ni àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe é fún, eré tí a ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́ lórí pápá tí ó lọ salalu. Láti nǹkan bí ọdún 1950 lọ ni ó gbilẹ̀: ní 1954 ni a dá ilé-iṣẹ́ E-Z-GO tí ń ṣe é sílẹ̀ ní ìlú Augusta, ní 1958 sì ni Club Car tẹ̀lé e. Bátìrì ni ó ń gbé púpọ̀ nínú wọn rìn. Òrùlé wà lórí rẹ̀ láti dí oòrùn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún atẹ́gùn, kì í sì í sábà sáré ju nǹkan bíi kìlómítà 25 lọ ní wákàtí kan. Àwọn ìlú inú aṣálẹ̀ tètè rí i pé ohun tí a ṣe fún eré yìí wúlò fún àlejò. Ní Luxor, ní ilẹ̀ Íjíbítì, níbi tí àwọn àlejò ti máa ń gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ wo ibojì àwọn ọba àtijọ́, ọkọ̀ kékeré oníná mànàmáná tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni ó ń gbé wọn wọ inú àfonífojì náà báyìí, lábẹ́ oòrùn tí ó lè dá ọ̀dọ́ lábùúlẹ̀, ká má tilẹ̀ ti í sọ ti arúgbó. Ní Mẹ́kà, àwọn aláìlera àti àwọn arúgbó ni ọkọ̀ irú èyí ń ràn lọ́wọ́. Kí ó tó débẹ̀, ọkùnrin alágbára ni ó máa ń gbé wọn lé orí àkéte onígi, tí wọ́n á rù ú sórí, tí wọ́n á sì máa bá wọn yí Káábà ká. Nítorí náà, ní Mẹ́kà pàápàá, ènìyàn ni ó ṣáájú ẹ̀rọ.

Ọkùnrin kan wà tí ìrìn àjò rẹ̀ so ìlú aṣálẹ̀ yẹn pọ̀ mọ́ ilẹ̀ tiwa. Orúkọ rẹ̀ ni Richard Burton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1853, ó paradà bíi mùsùlùmí, ó sì wọ Mẹ̀dínà àti Mẹ́kà, ibi tí a kì í jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe mùsùlùmí wọ̀ nígbà náà. Ràkúnmí ni ó gbé e la aṣálẹ̀ kọjá. Wọ́n so ohun ìjókòó onígi tí a fi aṣọ bò mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹranko náà méjèèjì, èrò ọ̀tún àti ti òsì a sì mú kí ẹrù náà dọ́gba. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní oṣù Kejìlá 1863, Burton kan náà gbéra láti Ouidah, ó forí lé Àgbómẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó rán an sí Ọba Gẹ̀lẹ̀lẹ́ lórí ọ̀ràn òwò ẹrú àti ìfènìyànrúbọ. Ìrìn àjò náà lé ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Kò sí ràkúnmí níbẹ̀, kò sì sí ẹṣin tí ó lè bá a débẹ̀. Orí àwọn ọkùnrin ilẹ̀ yìí ni ó bá lọ.

Ohun tí wọ́n fi gbé e ni àwọn Faransé ń pè ní hamac. Aṣọ tí ó nípọn ni, tàbí àwọ̀n okùn, tí a so orí rẹ̀ méjèèjì mọ́ ọ̀pá gígùn kan. Àlejò a sùn tàbí kí ó fẹ̀yìn tì sínú rẹ̀. A sì máa ta aṣọ tàbí ẹní bo òkè rẹ̀ nítorí oòrùn àti òjò. Àwọn agbérù a ṣu òṣùká, wọ́n a gbé orí ọ̀pá náà lé e tàbí kí wọ́n gbé e kọ́ èjìká, wọ́n a sì máa sáré wẹ́wẹ́. Kì í ṣe àwọn tí ó rù ú nìkan ni ó máa ń lọ. Àwọn mìíràn a máa tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn láti gba ọ̀pá nígbà tí ó bá rẹ àwọn ti àkọ́kọ́, tí wọ́n a sì pààrọ̀ láì jẹ́ kí ẹsẹ̀ àlejò kan ilẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbé òkú ọ̀pẹ tàbí igi àjà rí láti oko wálé mọ ohun tí ọ̀pá ń ṣe fún ọrùn ènìyàn. Ẹ wá fi ènìyàn tí ń mí kún un, tí ń yí padà, tí ó sì ní ibi tí ó ń kánjú lọ.

Ẹnì kan lè béèrè pé, èé ṣe tí wọn kò lo ẹṣin? Ọ̀yọ́ Ilé ní ẹṣin, ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin rẹ̀ sì kó ìpayà bá ọ̀pọ̀ ìlú. Ṣùgbọ́n láti òkè ọya àti pápá ni a ti ń kó ẹṣin wọ̀nyẹn wá. Bí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀ wọ inú igbó kìjikìji lẹ́bàá òkun, eṣinṣin tsé-tsé a bà lé wọn, àìsàn a sì pa wọ́n. Ìdí nìyẹn tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tí àwọn òyìnbó oníṣòwò fi ta àwọn ọba Dàhòmì lọ́rẹ fi jẹ́ pé ènìyàn ni ó ń fà á. Àwọn àlejò tí ó wo ayẹyẹ ọba ní Àgbómẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún rí i bí ọkùnrin ti ń fi okùn fa ohun tí a ṣe fún ẹṣin. Kì í ṣe òyìnbó nìkan ni a máa ń gbé, nígbà náà. Àwọn ọba àti ìjòyè etí òkun pẹ̀lú a máa gun hamac. Òtítọ́ ni èyí, kò sì yẹ kí akọ̀tàn fi pamọ́ kí ìtàn lè dùn mọ́ wa.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá dé nígbà tí àlejò di olówó-orí. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn kan, wọ́n sì fa ìlà láti etí òkun lọ sókè. Ìlà náà la àárín ìyekan kọjá. Ìfọ̀nyìn àti Àjàṣẹ́ bọ́ sọ́dọ̀ Faransé. Àwọn ará Ìfọ̀nyìn mìíràn bá ara wọn lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Títí di òní, ìlú Ìfọ́nyìntẹ̀dó wà ní Nàìjíríà, orúkọ rẹ̀ sì sọ fún ẹnikẹ́ni tí ó gbọ́ Yorùbá irú ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ dó. Láti Àjàṣẹ́ tí ó di olú-ìlú, àwọn aláṣẹ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ wo ilẹ̀ tí wọ́n gbà. Tournée ni wọ́n ń pe ìjáde náà. Kọmandáǹ a lọ láti abúlé dé abúlé, a ka ènìyàn, a ka ọ̀pẹ, a dájọ́, a gba owó-orí, a sì kọ ohun tí ó rí sínú ìwé. Bí a bá wò ó dáadáa, wíwo ìlú kiri ni. Ó kàn jẹ́ pé ẹni tí a ń wò kò lè sọ pé kí a má wo òun.

Nínú tournée bẹ́ẹ̀, olórí abúlé ni ó gbọ́dọ̀ pèsè àwọn tí yóò gbé hamac àti àwọn tí yóò ru àpótí, àgọ́ àti oúnjẹ kọmandáǹ. Kì í ṣe pé wọ́n bi ẹnikẹ́ni bóyá ó ráyè. Ìgbà ọ̀gbìn lè jẹ́, ìgbà ìkórè lè jẹ́. Òfin indigénat fún aláṣẹ lágbára láti fi ènìyàn sẹ́wọ̀n tàbí kí ó bu owó ìtanràn lé e láìsí ilé ẹjọ́ kankan, nítorí náà ẹni tí ó bá kọ̀ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà yóò já sí. Iṣẹ́ ọ̀nà yíyẹ̀ wà níbẹ̀, owó-orí wà níbẹ̀, kíkó ọ̀dọ́ lọ sógun náà sì wà níbẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní. Ẹrù náà pọ̀ lọ́rùn ènìyàn kan.

Kí ni àwọn ará wa ṣe? Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Aṣíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ, fi ìwé kan tí ó jáde ní 1976 tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí. Iwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ ìjọba àwọn òyìnbó láti 1889 sí 1945 ni ìwé náà dá lé lórí. Ó fi hàn pé ọ̀pọ̀ ènìyàn dìde ní apá Faransé, wọ́n sì sọdá sí apá Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe nítorí òwò nìkan, bí kò ṣe láti fi ẹsẹ̀ sọ ohun tí ẹnu wọn kò lè sọ fún aláṣẹ. Kì í ṣe pé Gẹ̀ẹ́sì kò fi agbára múni ṣiṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹrù bá wọ̀ lọ́rùn a máa wo ibi tí ti ẹlòmíràn gbé fúyẹ́. Ìlà tí àwọn òyìnbó fà láti pín wa níyà ni àwọn bàbá wa sọ di ọ̀nà àsálà. Ìdí kan nìyí tí kò fi sí agbolé púpọ̀ ní agbègbè wa tí kò ní ẹbí ní òdìkejì bodè.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin 1946, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Paris fọwọ́ sí òfin tí ó fòpin sí iṣẹ́ àfipáṣe ní gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso. Félix Houphouët-Boigny, ọmọ Côte d'Ivoire, ni ó gbé e kalẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pe òfin náà títí di òní. Ẹ má ṣe gbàgbé pé ọmọ ilẹ̀ yìí wà nínú ilé ìgbìmọ̀ náà: Sourou Migan Apithy, tí a bí ní Àjàṣẹ́ ní 1913, tí Dàhòmì àti Tógò dìbò yàn ní 1945. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti ọkọ̀ ojú irin ti ń lé hamac kúrò lójú ọ̀nà kí òfin náà tó dé. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà nínú kí ẹrù kúrò lórí ẹni nítorí pé ẹ̀rọ dé, àti kí ó kúrò nítorí pé òfin sọ pé ẹnikẹ́ni kò ní ẹ̀tọ́ láti gbé e lé e.

Lẹ́yìn èyí ni gbígbé ènìyàn di iṣẹ́ tí ènìyàn ń yàn fúnra rẹ̀. Ní Àjàṣẹ́ àti àyíká rẹ̀, ẹni tí ó ní kẹ̀kẹ́ ológeere bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò sẹ́yìn rẹ̀ gba owó. Taxi-kannan ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí alùpùpù pọ̀, zémidjan gba ipò rẹ̀. Èdè Fọ̀n ni orúkọ náà, ohun tí ó sì ń wí ni pé kí a tètè gbé òun lọ. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí kò ríṣẹ́. Bẹntiróò tí ó ń gbé wọn rìn, fún ọ̀pọ̀ ọdún, láti apá Nàìjíríà ni púpọ̀ rẹ̀ ti máa ń wá nínú jálá, àwa tí a ń gbé lẹ́bàá Ìgòlò sì mọ ọ̀nà tí ó ń gbà. Iṣẹ́ líle ni, eruku àti èéfín wà níbẹ̀, ewu sì wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ń gbé ni àti ẹni tí a ń gbé jọ ń ná owó ni kí wọ́n tó gbéra. Bí owó náà kò bá tó, onízémidjan a yí orí alùpùpù rẹ̀ padà, a sì lọ. Ẹni tí ó gbé hamac kò ní àyè láti yí padà.

Àwọn zémidjan wọ̀nyí ni ó ń fi ilẹ̀ wa han púpọ̀ nínú àwọn àlejò òde òní. Ní Ouidah, wọ́n ń gbé wọn la ọ̀nà ẹrú kọjá, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin, títí dé Ẹnu-ọ̀nà Àìpadàbọ̀ tí a gbé kalẹ̀ létí òkun ní 1995. Ní Àjàṣẹ́, wọ́n ń gbé wọn dé ààfin Honmè, níbi tí Ọba Toffa gbé, dé mọ́sálásí ńlá tí a kọ́ lọ́nà àwọn Àgùdà, àti ọgbà igi tí ó jẹ́ igbó àwọn ọba tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn tí ó ń lọ sí Nàìjíríà a wọ ọkọ̀, wọ́n a gba Ìfọ̀nyìn kọjá, wọ́n a dé Ìgòlò, wọ́n a sì sọdá sí Ìdí-Ìrókò. Ìlú wa di ohun tí a ń wò láti ojú fèrèsé ọkọ̀: ọ̀pẹ, ọjà, ìgò bẹntiróò, bodè. Ó parí.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní oògùn fún èyí. Wọ́n ní bí a bá ní ọkọ̀ kékeré bíi ti Mẹ́kà, tí ó bo orí, tí kò sì yára, àwọn àlejò yóò dúró wo Ìfọ̀nyìn. A kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Oòrùn tiwa náà ń ta, ọkọ̀ tí kò rú èéfín sì dára fún ìyá arúgbó tí ń lọ sọ́jà ju fún àlejò lọ. Ṣùgbọ́n a bi wọ́n ní ìbéèrè kan: bí ọkọ̀ náà bá dúró, tí àlejò sọ̀ kalẹ̀, kí ni ẹ ó sọ fún un? Kíláàsì dákẹ́. Wọ́n mọ ọdún tí wọ́n wó ọgbà ẹ̀wọ̀n Bastille ní Paris, wọn kò mọ ibi tí àwọn bàbá ńlá wọn ti máa ń sọ hamac kalẹ̀ sinmi.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ohun tí ó ń fún ojú àlejò ní ìmọ́lẹ̀ ni ẹnu onílé. Burton gun ràkúnmí, ó kọ ìwé. Ó gun hamac, ó kọ ìwé. Ìwé rẹ̀ lórí Dàhòmì jáde ní apá méjì ní 1864, a sì ń kà á títí di òní. Bẹ́ẹ̀ ni káàdì àtijọ́ pọ̀ tí ó ní àwòrán òyìnbó onífìlà funfun tí ó fẹ̀yìn tì sínú hamac. A lè mọ orúkọ ayàwòrán. Nígbà mìíràn a tilẹ̀ lè mọ orúkọ ẹni tí ó sùn sínú aṣọ. Àwọn tí ó rù ú dúró níbẹ̀, wọ́n kọjú sí wa, kò sì sí ẹni tí ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Wọ́n mọ gbogbo ọ̀nà, gbogbo odò àti gbogbo ẹ̀gùn tí ó wà láàárín ìlú sí ìlú, nítorí ẹsẹ̀ wọn ni ó tẹ̀ ẹ́. Àwọn gan-an ni ó wo ilẹ̀ yìí rí, ṣùgbọ́n ẹni tí kò rìn ni ó ròyìn ìrìn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, àtúnṣe kan ṣì wà ní ìkáwọ́ wa. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ní 1946 ti kọjá ẹni ọgọ́rin ọdún báyìí. Ó ṣì lè rántí ohun tí bàbá rẹ̀ sọ fún un nípa tournée, ẹni tí a mú lọ láti agbolé yín, ẹni tí ó sá sọdá tí kò sì padà mọ́, orúkọ igi tí wọ́n ń sinmi sí lábẹ́. A ti fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní iṣẹ́: kí olúkúlùkù jókòó ti àgbà kan nílé, kí ó béèrè, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀, ní Yorùbá, ní Ègùn tàbí ní Faransé. A bẹ̀ yín, bí ọmọ bá wá bá yín pẹ̀lú ìwé àti kálámù, ẹ má ṣe lé e padà.

Ọmọbìnrin tí ó béèrè ọ̀rọ̀ náà ni ó kọ́kọ́ mú tirẹ̀ wá. Ojú ewé kan ṣoṣo ni, ó sì lọ gátagàta. Orúkọ ọkùnrin mẹ́ta wà nínú rẹ̀, tí bàbá bàbá rẹ̀ pè fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó kà wọ́n sókè ní kíláàsì, kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín.